Kí Ni Vegan, Níbo Ló sì Ti Wá?

 

Ní sáà yìí, Àǹtí wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì wa mú ọ̀rọ̀ kan tí kò ní orúkọ ní Yorùbá, kó sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnì kan mú wifi. Ẹnì kan mú roller coaster. Èmi mú vegan. Ó ní ìdí tí mo fi mú un, mo sì máa sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí díẹ̀.

Nígbà tí a ṣe pátì Ọjọ́ Òmìnira Nàìjíríà, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì wa béèrè bóyá ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín. Mo ní, "Ẹyin wà níbẹ̀, ẹja náà wà níbẹ̀. Ṣáà yọ wọ́n kúrò." Ó ní òun ò lè jẹ ẹ́, pé vegan ni òun. Mo wá sọ pé, "Ọmọ Yorùbá wo ló ń jẹ́ vegan? Àbí ewúrẹ́ ni ẹ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọsàn kan ló jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì mu omi. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá sí ilé-ìwé.

Inú mi ò dùn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò dáa. Mo tún mọ̀ pé èmi gan-an ò mọ ohun tí vegan jẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà mo lọ kọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun kan náà ni vegetarian àti vegan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà.

Vegetarian kì í jẹ ẹran, kì í sì í jẹ ẹja. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn máa ń jẹ ẹyin àti ṣíìsì, wọ́n sì máa ń mu mílíìkì.

Vegan kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá. Kò sí ẹran, kò sí adìyẹ, kò sí ẹja, kò sí edé, kò sí ìgbín, kò sí pọ̀nmọ́. Kò tún sí ẹyin, mílíìkì, bọ́tà àti ṣíìsì. Oyin pàápàá kò sí níbẹ̀!

Oyin ló yà mí lẹ́nu jù. Mo bi ara mi pé, kí ló kan oyin? Mo wá kà á pé oúnjẹ tí àwọn kòkòrò oyin ṣe pamọ́ fún ara wọn ni, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Àwọn vegan gbà pé tiwọn ni, kì í ṣe tiwa.

Mílíìkì ńkọ́? Màlúù kì í ṣàdédé ní wàrà lára. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bímọ, bí ìyá ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ oko tí wọ́n ti ń ta wàrà, wọ́n máa ń tètè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè rí wàrà náà tà. Ẹyin ńkọ́? Akọ adìyẹ kì í yé ẹyin. Nítorí náà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú adìyẹ tó ń yé ẹyin fún títà, wọ́n máa ń pa àwọn akọ kété tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin. Mi ò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹran nìkan ló ń fa kí wọ́n pa ẹranko.

Ọ̀rọ̀ vegan kì í tún ṣe ti oúnjẹ nìkan. Vegan kì í wọ bàtà tí wọ́n fi awọ màlúù ṣe. Kì í wọ aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Kì í wọ sílíìkì, torí pé ara kòkòrò ni òwú sílíìkì ti ń wá. Kì í ra ìpara tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán ẹranko wò. Kì í lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ẹranko ṣeré fún owó.

Ṣé ènìyàn lè sá fún gbogbo rẹ̀ pátápátá? Ó le o. Àwọn vegan fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ yìí sọ pé kí oníkálukú ṣe é débi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé. Bí àpẹẹrẹ, oògùn míràn wà tí nǹkan ẹranko wà nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò sọ pé kí aláìsàn má lo oògùn tí dókítà fún un.

Ta ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Rárá o! Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé 100 ọdún, orílẹ̀-èdè tí a wà yìí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ ni Donald Watson. Wọ́n bí i ní ọdún 1910 ní Mexborough, ní agbègbè Yorkshire. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń lọ sí oko mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, ó sì fẹ́ràn àwọn ẹranko ibẹ̀ gan-an. Lójú tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ ní oko náà. Ó gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, kò sì gbàgbé rẹ̀ láéláé. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó di tíṣà, iṣẹ́ igi ló ń kọ́ àwọn ọmọ.

Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ àwọn vegetarian ti wà tipẹ́. Ọdún 1847 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Ramsgate, létí òkun. Àmọ́ Watson àti àwọn díẹ̀ nínú wọn ní ẹran nìkan kò tó, pé ó yẹ kí àwọn fi wàrà àti ẹyin sílẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n bẹ ẹgbẹ́ náà pé kó fún àwọn ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò gbà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, Watson àti àwọn márùn-ún mìíràn pàdé ní Holborn, ní àárín London. Ẹ rántí pé ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ. Ìwọ̀n ni ìjọba fi ń pín ẹran, ẹyin àti ṣíìsì fún aráàlú. Àwọn mẹ́fà yìí jókòó, wọ́n ń wá orúkọ tí wọ́n á máa jẹ́. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n rò, ẹ gbọ́ díẹ̀: dairyban, vitan, benevore, sanivore, beaumangeur. Ká ní wọ́n mú beaumangeur ni, báwo ni Màmá Àgbà mi ṣe máa pè é? Vegan gan-an, "fígàn" ni Màmá ń pè é.

Vegan ni wọ́n mú. Ẹ kọ vegetarian sórí ìwé. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́, veg. Ẹ mú lẹ́tà méjì ìkẹyìn, an. Ẹ so wọ́n pọ̀, ó di vegan. Watson ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀ vegetarian ni. Bí ó ṣe yé mi ni pé ó fẹ́ sọ pé vegetarian bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò kan, vegan ló rìn ín dé òpin. Watson bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, The Vegan News ni orúkọ rẹ̀. Ìwé kékeré ni bíi tiwa yìí!

Watson kú ní ọdún 2005, ó ti di ẹni ọdún 95. Láti ọdún 1994, tí ẹgbẹ́ náà pé 50 ọdún, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni Ọjọ́ Vegan Lágbàáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, adájọ́ kan ní ìlú Norwich sọ pé ẹni tó bá jẹ́ vegan torí ohun tó gbà gbọ́ nípa ẹranko, òfin ilẹ̀ yìí dáàbò bo ìgbàgbọ́ náà níbi iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní pátì wa, kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ rárá.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ tuntun. Ìwà náà ti pẹ́ láyé, oríṣiríṣi ènìyàn ló sì ń hù ú.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Pythagoras. Òun náà ni a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìṣirò onígunmẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ ẹran. Kí ọ̀rọ̀ vegetarian tó dé, orúkọ Pythagoras ni àwọn òyìnbó fi ń pe ẹni tí kì í jẹ ẹran.

Ní ilẹ̀ Síríà, akéwì kan wà tó ń jẹ́ al-Ma'arri. Wọ́n bí i ní ọdún 973. Àìsàn ṣánpọ̀nná ló fọ́ ọ lójú nígbà tó wà ní kékeré. Ó kọ̀ láti jẹ ẹran àti ẹja, ó kọ wàrà, ó kọ ẹyin, ó sì kọ oyin. Ẹ wò ó, èyí ju 900 ọdún lọ kí Watson tó pe ìpàdé rẹ̀!

Ní Ethiopia, tó wà ní Áfíríkà tiwa, àwọn Kristẹni ìjọ Orthodox máa ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àti ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú Àjíǹde. Ní ọjọ́ ààwẹ̀, wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ injera ni wọ́n máa ń jẹ. Tí ààwẹ̀ bá parí, wọ́n á padà sí ẹran wọn. Nítorí náà wọn kì í ṣe vegan, àmọ́ wọ́n mọ bí a ṣe ń se oúnjẹ vegan dáadáa.

Ital ní Brixton

Brixton ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Electric Avenue. Ọjà ni Electric Avenue, láàárín ọdún 1880 sí 1890 ni wọ́n sì ti fi iná mànàmáná sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọjà ò ní in. Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí èmi àti Mọ́mì bá lọ ra iṣu àti ata, mo máa ń rí ITAL lára pátákó àwọn tó ń ta oúnjẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti rò pé oúnjẹ Ítálì ni. Mo ń wá pizza, mi ò rí pizza!

Ital kì í ṣe Ítálì. Oúnjẹ àwọn Rasta ni. Inú ọ̀rọ̀ vital ló ti wá, ìyẹn ohun tó ní ìyè nínú. Àwọn Rasta yọ V iwájú kúrò, kí ọ̀rọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I, torí pé lẹ́tà I ní ìtumọ̀ ńlá lọ́dọ̀ wọn.

Ìlú Jamaica ni ẹ̀sìn Rasta ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi Ras Tafari jọba ní Ethiopia ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1930, tó sì gba orúkọ Haile Selassie. Àwọn Rasta gbà pé ohun tí ilẹ̀ bá hù ló dáa jù fún ara. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ẹran rárá. Wọ́n máa ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́, ata wà níbẹ̀ dáadáa, iyọ̀ kì í pọ̀ tàbí kó má tiẹ̀ sí. Àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ ẹja kékeré, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ital ni vegan. Ó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó rà á.

Báwo ni ital ṣe dé Brixton? Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush kó àwọn ará Karíbíánì dé Tilbury. Àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n máa sùn, ìjọba fi wọ́n sí ihò kan lábẹ́ ilẹ̀ ní Clapham South, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sá pamọ́ fún bọ́ǹbù nígbà ogun. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ tó sún mọ́ wọn jù wà ní Coldharbour Lane, ní Brixton níbí. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe dúró sí àdúgbò wa nìyẹn. Àwọn ará Jamaica ń wá, ẹ̀sìn Rasta náà sì bá wọn wá nígbà tó yá, pẹ̀lú ìkòkò ital rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìwà òyìnbó ni kéèyàn má jẹ ẹran, ẹ ní kó wá sí Brixton. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́, mo sì ń gbé níbẹ̀!

Nínú ilé ìdáná wa ńkọ́?

Mo wọ bọ́ọ̀sì 37 pẹ̀lú Mọ́mì lọ sí ilé Màmá Àgbà ní Peckham. Ìbàdàn ni Màmá dàgbà sí. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ máa ń jẹ nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé?"

Wọ́n ní láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà. Lọ́sàn-án, gààrí àti ẹ̀pà. Lálẹ́, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Mo ní, "Ẹran ńkọ́?" Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi orí ìka wọn hàn mí, wọ́n ní bí ẹran ọmọdé ṣe máa ń tóbi tó nìyẹn, bàbá ló ń jẹ èyí tó tóbi. Ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì ni ẹran máa ń pọ̀. Wọ́n ní ẹyin kì í tiẹ̀ ṣe oúnjẹ ọmọdé, torí àwọn àgbà gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin máa di olè.

Mo ní, "Ha, Màmá! Ẹ ti ń jẹ oúnjẹ vegan tipẹ́!" Wọ́n ní, "Rárá o. Ká ní a rí ẹran, à bá jẹ ẹ́." Òótọ́ ni. Ẹni tí kò rí ẹran jẹ yàtọ̀ sí ẹni tó rí i tó sì ní òun ò jẹ. Vegan ni ẹni tó yàn án fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo oúnjẹ wa dáadáa. Àkàrà jẹ́ ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti òróró. Dòdò, iṣu sísè, ẹ̀kọ, ẹ̀kuru, gààrí, ẹ̀pà, àgbàdo sísun: kò sí ẹranko nínú gbogbo wọn. Irú máa ń rùn bí ohun tó ti inú omi wá, àmọ́ irúgbìn igi ni. Ní apá àríwá Nàìjíríà, wọ́n máa ń dín awara tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Awara yẹn àti tòfú tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ibi tí ẹranko máa ń sá pamọ́ sí ni ọbẹ̀ wa. Ẹ̀fọ́ rírò ń jẹ́ ẹ̀fọ́, àmọ́ edé lílọ̀ wà nínú ẹ̀, ẹja gbígbẹ wà nínú ẹ̀, pọ̀nmọ́ ń yọjú. Jọ́lọ́ọ̀fù tí kò ní ẹran lórí, ó lè jẹ́ omi ẹran ni wọ́n fi sè é. Àwọn kan nínú àwọn máàgì tí a ń bù sí ọbẹ̀, adìyẹ wà nínú wọn. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ kà á.

Ẹ ṣọ́ra o

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ má dìde lónìí kí ẹ ní ẹ ò jẹ ẹran àti ẹyin mọ́ láìsọ fún òbí yín. Ara ọmọdé ń dàgbà lọ́wọ́. Fítámì kan wà tó ń jẹ́ B12, ó ń ran ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara lọ́wọ́. Inú oúnjẹ tó ti ara ẹranko wá ni a ti ń rí i. Vegan gbọ́dọ̀ lo oògùn B12, tàbí kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti fi B12 sí, bíi mílíìkì sóyà àti síríà kan. Ó tún gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti máa rí irin àti kálísíọ́ọ̀mù. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù ní irin nínú. Tí ènìyàn bá jẹ ọsàn mọ́ ọn, ara á gba irin náà dáadáa. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá fẹ́ di vegan, ẹ má kàn pariwo lé e lórí. Ẹ jọ bi dókítà.

Àti pé, oúnjẹ kì í dáa torí pé ó jẹ́ vegan nìkan. Ṣúgà náà vegan ni!

Ṣé èèwọ̀ ni?

Mọ́mì mi pe mọ́mì ọmọbìnrin yẹn lórí fóònù. Wọ́n wá kí wa ní ilé Màmá Àgbà ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti bó ẹ̀wà láti àárọ̀, ìka mi ti hun jọ. Mo fẹ́ fi àkàrà bẹ̀ ẹ́. Mo ti kà á pé àkàrà kò ní ẹranko nínú, ọkàn mi balẹ̀.

Ó mú àkàrà kan, ó wò ó, ó wá fi ohùn kékeré béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, òróró wo lẹ fi dín in?" Mọ́mì mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Òróró tí wọ́n fi dín ẹja lánàá ni! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Màmá Àgbà dìde, wọ́n gbé òróró yẹn kúrò, wọ́n fọ agbada, wọ́n da òróró tuntun sí i, wọ́n sì dín èyí tó kù.

Nígbà tí a ń jẹun, Màmá ní, "Ṣé èèwọ̀ rẹ ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́? Yorùbá mọ èèwọ̀." Wọ́n ní ìdílé tó bá bí ìbejì kì í jẹ ẹdun. Àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ìjọ Sẹ̀lẹ́ṣíà náà kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́n kì í fi èèwọ̀ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀, torí báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn ni.

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Àmọ́ mi ò rò pé èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ní èèwọ̀, tó bá jẹ ẹ́, òun ni nǹkan máa ṣe. Tí èmi bá jẹ adìyẹ, nǹkan kan ò ní ṣe mí. Adìyẹ yẹn ni nǹkan ti ṣe."

Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá Àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ yìí, o gbọ́n o. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò." Mo rò pé òwe yẹn ṣàlàyé vegan ju gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ṣì ń jẹ adìyẹ. Màmá Àgbà náà ṣì ń jẹ pọ̀nmọ́. Àmọ́ mo máa ń ronú nípa ẹ̀ báyìí, mo sì máa ń béèrè kí n tó gbé oúnjẹ fún ènìyàn. Lọ́jọ́ náà mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Má bínú pé mo pè ẹ́ ní ewúrẹ́." Ó ní, "Ewúrẹ́ kò burú. Ewúrẹ́ náà vegan ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti padà sí kíláàsì. Òun ló kọ́kọ́ ka àròkọ yìí, ó sì gbà kí n tẹ̀ ẹ́ jáde tí mi ò bá ti dárúkọ òun.

Bí a ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá

Tí àgbàlagbà bá gbé ẹran fún ọ, má kàn ní "mi ò fẹ́". Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ pé: "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò kì í jẹ ẹran. Ṣé mo lè gba ẹ̀wà àti dòdò?"

Tí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé edé tàbí ẹja wà nínú ẹ̀? Òróró wo lẹ fi dín in?"

Tí ìwọ lo ń gbàlejò: "Ṣé nǹkan kan wà tí o kì í jẹ?" Kọ́kọ́ béèrè, kó o tó bu oúnjẹ.

Àwọn kan ń pe vegetarian ní ajẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ kò tó fún vegan, torí pé vegan kò jẹ ẹ̀fọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ bàtà àti aṣọ sì tún wà níbẹ̀. Ta ló lè bá wa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa gbé gbogbo rẹ̀? Watson àti àwọn márùn-ún ṣe é. Àwa 14 la wà ní kíláàsì wa, a lè gbìyànjú.

Ẹ dán ara yín wò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín vegetarian àti vegan?
2. Ọdún wo ni Watson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Holborn? Ènìyàn mélòó ni wọ́n?
3. Inú ọ̀rọ̀ wo ni ital ti wá?
4. Kí ló dé tí vegan fi gbọ́dọ̀ wá B12?
5. Ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín pé kí ni wọ́n máa ń jẹ ní ọmọdé. Mélòó nínú oúnjẹ wọn ni vegan lè jẹ?